Ìkíni Ìyá Mi Kò Mọ Ìṣẹ́jú

Àgànyìn ni wọ́n kọ́kọ́ pè mí ní Ìkòtún. Èmi ọmọ Kétu, tó jẹ́ pé Yorùbá ni mo fi kọ́kọ́ sunkún! Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni, mo lọ ra ọṣẹ níwájú ilé tí à ń gbé. Mo kí ìyá ọlọ́ṣẹ dáadáa, mo kúnlẹ̀ pàápàá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Irú ohùn wo lèyí? Ṣé Àgànyìn ni ẹ́ ni?" Kí n tó fèsì, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jókòó tì í ti bú sẹ́rìn-ín: "Àgànyìn, ẹ̀wà dà?"

Mi ò mọ ẹ̀wà tó ń wí. Ọkọ mi ló ṣàlàyé fún mi pé àwọn obìnrin kan tó ń ti apá ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún wá máa ń se ẹ̀wà tí gbogbo Èkó fẹ́ràn, pé ẹni tó bá ti ti ilẹ̀ Faransé wá, Àgànyìn náà ni lójú wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá, mo sunkún díẹ̀, mo jáde wá dáná.

Abúlé wa wà lẹ́bàá ààlà, lápá Kétu. Bí èèyàn bá dúró lẹ́yìn ilé ìyá mi, oko ilẹ̀ Nàìjíríà ló ń wò yẹn. Àwa kì í tilẹ̀ pè é ní Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń pè é, àwọn náà sì ń pe tiwa ní ọ̀dọ̀ Faransé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìmẹ̀kọ, lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti ka sẹ́kọ́ńdìrì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọkọ mi ti rí mi nígbà tó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wá rán àga nílé olówó kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rán àga wà ní Ìgándò. Torí náà, mo rò pé mo ti mọ ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó dé Èkó. Irọ́ ni. Ìmẹ̀kọ kọ́ ni Ìkòtún.

Èrò kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, kì í sì í ṣe ariwo. Ìkíni wọn ni. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá kí àgbàlagbà, o gbọ́dọ̀ dúró. Wọ́n á béèrè ara rẹ, wọ́n á béèrè ọkọ, wọ́n á béèrè ìyá ọkọ, wọ́n á béèrè ewúrẹ́ tó bímọ lóṣù tó kọjá. Ìwọ náà á béèrè tiwọn, títí ẹ̀yin méjèèjì á fi mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó gbé ọ wá á tó jáde. Ní Ìkòtún, "Ẹ káàárọ̀ o" ni wọ́n máa sọ, ẹsẹ̀ wọn ò ní dúró. Kí n tó kúnlẹ̀ tán, ẹni tí mò ń kí ti wà lórí ọ̀kadà. Lọ́dún yẹn, àìmọye ìgbà ni mo kúnlẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gbà mí. Ìyá mi ló kọ́ mi ní irun dídì láti kékeré, ìlà tèmi sì máa ń tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà. Bẹ́ǹṣì kan àti òòyà mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó fún mi ní, "Má fà mí lórí já o, Kútọnu." Mo di ṣùkú fún un. Ó wo dígí, ó sanwó, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó mú àbúrò rẹ̀ méjì wá. Nígbà tí ọdún fi yípo, àwọn èèyàn ti ń ti Ẹ̀gbẹ́dá wá jókòó fún mi. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níwájú ilé, ọkọ mi kan pátákó fún mi, a kọ nọ́ńbà fóònù mi sí i gàdàgbà. Lọ́jọ́ tí a gbé pátákó yẹn kọ́, mo dúró sí òdìkejì títì, mò ń ka nọ́ńbà ara mi bí ìwé ìhìn rere.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá ni gbogbo èèyàn ń lò nígbà náà, òun náà ni èmi wà lórí rẹ̀. Fóònù mi kékeré, síìmù kan ṣoṣo ló ń gbà.

Ní ọdún kẹta ni mo bí ọmọ mi obìnrin. Orúnkún ìyá mi ò jẹ́ kó lè wá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sọ ọmọ náà ní Ràbíátù, à ń pè é ní Rábì. Ṣùgbọ́n ní ìdílé ìyá mi, ìyá ìyá ló ń fún ọmọbìnrin ní oríkì, kì í sì í fi rán ẹnikẹ́ni. Ẹnu rẹ̀ ni oríkì náà gbọ́dọ̀ ti jáde, etí ọmọ ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Báyìí ni ìyá mi ṣe fún mi ní tèmi, báyìí ni ìyá tirẹ̀ ṣe fún un.

Tíṣà kan tó múlé ti ìyá mi ní fóònù. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Màá fíláàṣì yín, kí ẹ bá mi pe Màmá, kí n tó wá pè padà."

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ ṣe fún mi?"

"Fíláàṣì."

Ìgbà tí mo rántí ohun tí à ń pè é nílé ni mo ní, "Màá bípé yín."

"Ẹ̀ẹ́n! Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ Yorùbá látàárọ̀?"

Ìpè sí abúlé wa, ìpè òkè òkun ni wọ́n kà á sí. Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá ju òkò lẹ́yìn ilé wa, ó lè balẹ̀ sí Nàìjíríà! Odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń gé, o ò báà sín nìkan nínú rẹ̀. Káàdì kan kì í pẹ́ tó ìgbà tí mo fi ń di ìlà irun kan.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí mo bímọ, mo pe ìyá mi.

"Ọmọ mi."

"Ẹ kúulé mà, ìyá mi."

"O kú ewu. O kú ewu ọmọ. Ṣé ara rẹ le? Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ń mu ọmú? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn òbí ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sílé? Ẹ kú ìnáwó o. Onílé yín ńkọ́? Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Tiwa ti fẹ́ pọ̀ jù. Ó dáa. Ní ti oríkì ọmọ yìí..."

Pí! Kírẹ́dìtì ti tán.

Lẹ́ẹ̀kejì, a ò tilẹ̀ dé orí onílé tó fi gé. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti pinnu. Bó ṣe gbé fóònù ni mo ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká fo ìkíni, ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Owó ń lọ."

"Ká fo kí ni?"

"Ìkíni, mà."

Mo gbọ́ bó ṣe mí. Lẹ́yìn náà, pí!

Kírẹ́dìtì ló tán. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò mọ kírẹ́dìtì. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ọmọ òun ti gé ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta ló sì wá sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo tún pè, Tíṣà nìkan ló dá mi lóhùn. Ó hàn nínú ohùn rẹ̀ pé ojú ń tì í. Ó ní, "Màmá ní kí n kí yín."

"Ṣé wọn ò lè wá ni?"

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ìkíni náà nìyẹn o, pé kí ẹ má tún ní ó gùn jù."

Oṣù méje ni mi ò gbọ́ ohùn ìyá mi. Rábì jókòó, ó rá, eyín rẹ̀ yọ, kò ní oríkì. Bí ọmọ Ìyá Wàsíù tí yàrá wọn kángun sí tiwa bá sunkún, ìyá rẹ̀ á gbé e jó, "Àkànní, Àkànní mi," ẹkún á sì dá. Bí tèmi bá sunkún, Rábì, Rábì nìkan ni mo ní lẹ́nu. Ó ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo lè fún un ní oríkì fúnra mi, ta ló máa mọ̀? Èmi máa mọ̀. Ní Ìkòtún, Àgànyìn ni mí. Lábúlé, mo ti di ará Èkó tí kò ráyè kí ìyá rẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé ilé ta gan-an ni mo ti jẹ́ ọmọ?

Ìyá Elélùbọ́ ló là mí lójú, kò sì mọ̀. Ará Ìmẹ̀kọ ni, ó máa ń kó èlùbọ́ wá sí Ìkòtún lọ́sẹ̀ méjì méjì, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń dirun kó tó padà. Lọ́jọ́ kan, orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e, ó ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ àgbàdo, ó ń bú ẹnì kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo di ìlà mẹ́rin tán, kò tíì dákẹ́.

Nígbà tó ṣe tán, mo ní, "Ta nìyẹn mà?"

"Ọmọ mi ni. Ó wà lóko wa lẹ́yìn Ìlárá."

"Lẹ́yìn Ìlárá kẹ̀? Ọ̀dọ̀ Faransé nìyẹn!"

"Ọ̀dọ̀ Faransé ni. Kí ló wá dé?"

"Kírẹ́dìtì yín ò tán? Ìlà mẹ́rin ni mo dì o!"

Ó yí orí padà débi pé òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi. "Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi ò mọ kọ́sítọ́ọ̀mù. Òpó wọn wà lọ́dọ̀ wa ní tòótọ́, àmọ́ inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró láti yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti lo síìmù tiwọn, Nàìjíríà ń pe Nàìjíríà ni. Ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n sì fi ń gé."

Mo ṣa òòyà nílẹ̀. Mo dárúkọ abúlé wa.

Ó ní, "Ibi ilé-ìwé yẹn? Lábẹ́ igi máńgòrò? Ó ń wọlé níbẹ̀ dáadáa. Mo ti dúró níbẹ̀ pè rí. Jàre, di orí mi, ọjọ́ ń lọ."

Ohun tí Ìyá Elélùbọ́ ò sọ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò lágbára ládùúgbò wa rárá. Gun-òkè ni wọ́n ń pè é, torí ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa wá ibi gíga kó tó gbọ́ nǹkan. Àwọn tó ń lò ó kì í fi síìmù wọn han èèyàn.

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ pààrọ̀ síìmù mi sí Gun-òkè, ọkọ mi ní, "Ìyá Rábì, ṣé orí ẹ pé báyìí? Nọ́ńbà tó wà lára pátákó ńkọ́? Àwọn tó ń ti Ẹ̀gbẹ́dá pè ẹ́, báwo ni wọ́n ṣe máa rí ẹ?"

"Màá sọ fún wọn."

"O máa lọ bá gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá nílé? Dúró ná, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a lè ra fóònù kejì."

"Bàbá Rábì, ọmọ yín ti ń rá. Ẹ fẹ́ kó rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá mi kó tó ní oríkì ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ka iwájú mi, ó ní kí n má jẹ́ kó tú dà sí ara ògiri onílé. Báyìí ni ọkọ mi ṣe máa ń gbà.

Mo fúnra mi gun àga, mo pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, mo kọ tuntun. Ìyá ọlọ́ṣẹ ń wò mí. Ó pariwo pé, "Ẹ wá wo Kútọnu o! Ó ti gun òkè!" Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Inú mi bàjẹ́, mi ò ní purọ́. Iṣẹ́ sì lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni bẹ́ǹṣì mi ṣófo títí di ìrọ̀lẹ́. Mo pọn ọmọ, mo rìn láti ilé dé ilé, mò ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé nọ́ńbà mi ti yí. Àwọn kan padà wá. Àwọn kan lọ pátápátá. Mo wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà káàkiri ilé títí mo fi rí i: lórí àtẹ̀gùn kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, kí èèyàn sì kọjú sí ọ̀nà Ìdímù.

Mo ra fóònù àlòkù kan tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, mo ki síìmù tuntun sí i, mo fi ọ̀dà èékánná aláwọ̀ ewé kun bọ́tìnì tí ìyá mi máa tẹ̀ láti gbé ìpè kó lè dá a mọ̀, mo kó o fún Ìyá Elélùbọ́. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Ìyá rẹ gbà á. Ó wé e sínú aṣọ, ó tì í mọ́nú àpótí. Ó ní òun ò mọ ohun tí ọmọ tí kì í kí èèyàn fẹ́ bá òun sọ."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo nọ́ńbà tí mo parẹ́, gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín, inú àpótí ló parí sí?

Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Ẹ bá mi jíṣẹ́ kan fún wọn, mà. Ẹ ní mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo fẹ́ bá wọn sọ. Ẹ ní mo kàn fẹ́ kí wọn ni. Láti orí dé ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé ìgbà tí ẹ bá débẹ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, lábẹ́ máńgòrò ilé-ìwé."

Ìyá Elélùbọ́ wò mí títí. Ó ní, "O ò tíì di ará Èkó tán."

Kí n tó sọ bó ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Lónìí, àwọn ọmọ Kétu àti ọmọ Sakété tó wà ní Ìkòtún àti Ìgándò, tó bá ti di pé wọ́n fẹ́ mọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń kọjá ààlà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá béèrè. Mo ń sọ igi tí ìyá wọn máa dúró sábẹ́ rẹ̀ fún wọn, bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, mo mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n á dirun kí wọ́n tó lọ. Bẹ́ǹṣì mi ò ṣófo mọ́. Mi ò fi bò, ó ń wù mí láti yangàn. Ìwé mi ò ju sẹ́kọ́ńdìrì lọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, mo pọn Rábì, mo gun àtẹ̀gùn kẹta, mo kọjú sí ọ̀nà Ìdímù. Ìyá ọlọ́ṣẹ ń fọ ike lábẹ́ táǹkì. Mo tẹ nọ́ńbà. Ó dún, ó dún, ó dún. Ẹnì kan gbé e. Mo ń gbọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń ké Faransé lọ́kànkán. Ẹni tó gbé fóònù ò sọ̀rọ̀.

Mo kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn tòun tọmọ lẹ́yìn.

"Ìyá mi, ẹ kú ọ̀sán mà. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú oòrùn."

Àwọn ọmọ ilé-ìwé nìkan ni mo ṣì ń gbọ́.

"Ẹ kú orúnkún tó ń dùn yín. Ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ẹ kú iṣẹ́ oko. Tíṣà ńkọ́? Kànga ńkọ́, ṣé ó ṣì ń lómi? Ewúrẹ́ yín tó kán níwo ńkọ́?"

"Ó bímọ."

Omi lé sí mi lójú. "Mélòó ló bí mà?"

"Méjì." Ó ní, "O ò tíì kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ."

"Ẹ má bínú mà. Bàbá ńkọ́?"

"Ó wà. Eyín rẹ̀ kan tún ti bọ́." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí nǹkan kan má gbọ́. "Kò tíì gé?"

"Kò ní gé, mà."

"Owó ńkọ́?"

"Ìyá mi, ẹ máa kí mi lọ."

Háà, ìyá mi kí mi! Ó kí mi bí ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Ó béèrè ọkọ, ó béèrè àwọn àna, ó béèrè onílé, ó béèrè irun tí mò ń dì, ó béèrè irú omi tí à ń mu. Ó ní, "Ìyá tí Ìyá Elélùbọ́ ní ó pè ọ́ ní Àgànyìn ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀ níbí, ó ń gbọ́ wa."

"Bá mi kí i."

Mo yọjú sísàlẹ̀. "Ìyá mi ní kí n kí yín mà!"

Ìyá ọlọ́ṣẹ na ọrùn. "Èmi? Láti ọ̀dọ̀ Faransé?" Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ bá mi kí wọn o! Ẹ ní ẹ kú ọmọ! Ẹ ní ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Mo jíṣẹ́. Inú ìyá mi dùn. Ó ní ará ibẹ̀ mọ ìkíni, pé ta ló ní wọn ò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà.

"Gbé fóònù náà sétí ọmọ."

Mo tú Rábì, mo gbé fóònù sí i létí. Ọmọ tó máa ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ èèyàn dúró jẹ́ẹ́. Mo fi etí tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, mo sì gbọ́ ọ.

"Àyọ̀ká. Àyọ̀ká. Àyọ̀ká, ọmọ Alákétu. Wọ́n yọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a yọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ Faransé, ayọ̀ rẹ ti yí ààlà ká. Àyọ̀ká mi, èmi ìyá ìyá rẹ ló pè ọ́."

Rábì rẹ́rìn-ín. Eyín méjèèjì tó ní hàn.

Mo gba fóònù padà. Mo fẹ́ dúpẹ́, mo fẹ́ tọrọ àforíjì ti ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ sọ gbogbo ohun tó wà níkùn mi láti ọjọ́ tí mo ti dé Ìkòtún. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ ṣé mà. Ní ti ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn..."

"Yéè! Òjò! Mo sá láfún síta!"

Pí!

Mo wo fóònù. Ìyá ọlọ́ṣẹ gbójú sókè láti ìsàlẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, Ìyá Rábì," ó ní. Kò pè mí ní Kútọnu. "Ṣé kírẹ́dìtì ti tán ni?"

Mo ní, "Rárá o, mà. Ó kù rẹpẹtẹ. Ìyá mi ló gé e mọ́ mi lẹ́nu!"